Òwú Funfun Lára Ẹsẹ̀ Básíkù

Iyọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí imú ènìyàn ní ìdí igi furúùtù náà, kí gírísì tó dé. Atẹ́gùn òkun a gba ẹ̀yìn ilé àwọn olówó kọjá, a fo títì, a wá balẹ̀ sọ́dọ̀ wa ní Jakande, ní Ìlàsàn, a sì fi iyọ̀ lẹ ara ohun gbogbo tí a bá fi irin ṣe. Bí o bá gbàgbé ìṣó tuntun síta fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ fúnra rẹ kò ní dá a mọ̀ mọ́. Lẹ́yìn iyọ̀ ni gírísì, lẹ́yìn gírísì ni rọ́bà gbígbóná láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, lẹ́yìn rọ́bà ni òórùn èso furúùtù tó ti jábọ́, tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti kúrò níbẹ̀, ìsọ̀ tèmi sì wà ní Ajah báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣèèṣì gbọ́ òórùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn papọ̀, ojú a máa tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Mo ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Sítọ́ọ̀ ni mo ń tọ́jú fún àwọn tó ń kọ́lé lọ́nà Lakowe. Nígbà tí ilé parí, iṣẹ́ èmi náà parí. Mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ, mo ń wo ògiri, ògiri ń wò mí. Ojoojúmọ́ tí mo bá jáde lọ nasẹ̀ ni mo ń kọjá lọ́dọ̀ baba àgbàlagbà kan tó ń tún básíkù ṣe lábẹ́ igi furúùtù, nítòsí géètì wa. Àwọn tó ń gun básíkù fún eré ìdárayá ní àárọ̀ Sátidé ló ń wá bá wọn láti gbogbo Lekki, nítorí pé Bàbá mọ bí a ti í fi ọwọ́ hun ẹsẹ̀ básíkù. Híhun ni wọ́n ń pè é. Bí o bá sọ lójú wọn pé o fẹ́ ṣe ẹsẹ̀ básíkù, wọ́n á ní, "Ẹní, híhun ni. Agbọ̀n, híhun ni. Èyí náà, híhun ni." Ẹlòmíràn á bá ọ pààrọ̀ ẹsẹ̀ tó wọ́, Bàbá á tú u palẹ̀ títí dórí irin tó kẹ́yìn, wọ́n á sì hun ún padà títí yóò fi máa yípo geere. Lọ́jọ́ kan mo dúró wò wọ́n títí oòrùn fi yí, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n gbà mí.

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Bí mo bá ní kí o tú u, ṣé o kò ní bínú?"

Mo ní n kò ní bínú. Kò sí ìbéèrè mìíràn.

Fọkanáísà ló kọ́kọ́ fún mi lóyè. Ọkùnrin ẹlẹ́ẹ̀fẹ̀ kan ni, búùtà omi àlùwàlá rẹ̀ kì í jìnnà sí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà. Ó máa ń dúró kí èrò pọ̀ kó tó ké sí mi: "Bàbá ọmọ-iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìyàwó yín ti fi owó oúnjẹ ọ̀sán sínú àpò yín?" Èmi á dá a lóhùn pé, "Ó ti fi sí i, ó ní kí n ra tìẹ náà." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń rẹ́rìn-ín.

Àárín ẹsẹ̀ básíkù, níbi tí àwọn irin tín-ín-rín ti ń fọ́n jáde, ìdodo ni Bàbá ń pè é. Òbìrípo tó wà lóde ni ríìmù. Àwọn irin tín-ín-rín tó so méjèèjì pọ̀ ni sípóòkì, mẹ́rìndínlógójì, ìdajì lápá ọ̀tún, ìdajì lápá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ tó fi há sínú ìdodo, ó sì ní nọ́ọ̀tì kékeré lẹ́nu tí a fi ń dè é mọ́ ríìmù. Ó gbọ́dọ̀ gba orí méjì kọjá, kó wọ abẹ́ ẹ̀kẹta, kó tó dé ibi tó ń lọ. Ká fi ẹnu sọ ọ́ kò le. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo hun ún tán, mo gbé e dúró, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Bàbá fi ìka kan yí i. Ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. "Tú u." Mo tú u. Mo tún un hun, wọ́n tún yí i. "Tú u." Ní oṣù méjì àkọ́kọ́ yẹn, n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn, mo sì ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Nígbà tó yá, tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yípo láìgbọ̀n. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà náà ni Bàbá ní iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ mi bí a ti í gbọ́ ọ. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí ṣéènì ń gbà, àwọn sípóòkì apá ọ̀tún a máa le ju ti òsì lọ. Wọ́n á fi èékánná ta ọ̀kan lápá ọ̀tún, wọ́n á ní, "Mí ló sọ." Wọ́n á ta ti òsì, wọ́n á ní, "Re ló sọ." Gbogbo ti ọ̀tún gbọ́dọ̀ sọ mí, gbogbo ti òsì gbọ́dọ̀ sọ re. Èyí tó bá lọ sọ dò ti dẹ̀, kí o yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀; díẹ̀ náà ni o, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò wo ìrẹsì. Ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ wọn nígbà tí wọ́n ṣì lágbára nìyẹn. Ìjọ aláṣọ funfun ni Bàbá ń lọ.

Bí ẹsẹ̀ básíkù bá wá kọrin tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fa agolo mílíìkì ńlá kan yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Sùtánà wọn kan tó ti gbó ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ká bí ìwé. Wọ́n á fa fọ́nrán òwú funfun kan yọ lára rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ sípóòkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ibi tí a ń fẹ́ táyà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo àwọn tó ń gun básíkù láti Lekki dé Ajah ló mọ òwú náà. Ẹni tó bá rí i kì í bi ọ́ ní ìbéèrè mìíràn.

Nǹkan kan wà tí mo rò pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Bí Bàbá bá ti fẹ́ ta sípóòkì, wọ́n á gbé àgbọ̀n lé ríìmù, wọ́n á di ojú. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbọ̀n lé e, mo sì ń di ojú. Gírísì kò wọ́n lágbọ̀n mi láti àárọ̀ dalẹ́. Fọkanáísà ní, "Ọ̀gá, irùngbọ̀n yín mà ti ń yọ. Ṣé ẹ fẹ́ máa bá wa bọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ni?" Ó tó oṣù mẹ́rin tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ tó ń ta omi ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, awakọ̀ kò rí wa. Ó ń fọn fèrè, fọkanáísà ń pariwo, èmi náà ń pariwo. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń nu ìdodo kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà tí mo fà wọ́n lápá ni wọ́n tó yíjú. Wọ́n ní ọkàn àwọn ti wọ inú iṣẹ́ jù ni. Fọkanáísà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tí àgbọ̀n ń wá lórí ríìmù. Etí Bàbá ti ń lọ. Egungun àgbọ̀n ni wọ́n fi ń wá ohun tí etí kò gbé wá fún wọn mọ́.

Ìwọ náà sọ fún mi, ta ni yóò la ẹnu sọ fún irú baba bẹ́ẹ̀ pé etí yín ti ń kú? Nílé tí wọ́n ti bí wa, bí ojú àgbà bá ń ṣú, à ń gbé àtùpà sún mọ́ wọn ni, a kì í sọ ìdí tí a fi gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síwájú wọn bí mo bá ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè máa wo ẹnu mi. Lọ́jọ́ kan wọ́n ta sípóòkì kan, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí ni ìyẹn sọ?" Tẹ́lẹ̀, ìdánwò ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní, "Mí ni, Bàbá." Láti ìgbà náà wọn kò bi mí léèrè mọ́. Wọ́n á ta á, wọ́n á gbójú sókè wò mí. Bí ó bá dára, mo máa mi orí pé ó dára. Bí kò bá dára, mo máa fa ojú ro díẹ̀. Ojú mi di etí Bàbá. A kò fi ẹnu sọ ọ́ láàárín ara wa rí. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é, ọ̀wọ̀ náà sì ni, nígbà yẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà lára àwọn oníbàárà wa. Abraham Adésànyà Estate ló ń gbé, ọ́síbítù àwọn ọmọdé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń sọ pé orí básíkù nìkan ni òun kì í ti í gbọ́ igbe ọmọ. Ní àárọ̀ Sátidé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gùn ún lọ sí Lakowe, wọ́n á padà kí oòrùn tó mú. Ó já sínú kòtò lọ́jọ́ kan, ríìmù ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ó ra ríìmù tuntun àti sípóòkì tuntun mẹ́rìndínlógójì, kò lé ẹyọ kan, ó kó wọn wá.

Bàbá nawọ́ sí mi. "Ọkùnrin yìí ni yóò hun ún, òun nìkan. Bí ó bá dára, n ó gbàdúrà fún un, kó lọ dá dúró."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìdí tèmi lẹ wá fẹ́ fi dán an wò? Ẹ ṣáà bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o."

"N kò so òwú mọ́ ohun tí n kò yẹ̀ wò rí," ni Bàbá wí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń hun ún parí. Bàbá wà nílé àdúrà láti àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì máa wá gbé e, kó lè rí i gùn ní Sátidé. Ara mi yá gágá, ọwọ́ mi sì yá jù bó ti yẹ lọ. Mo fi ipá de nọ́ọ̀tì mẹ́ta nígbà tí wọn kò tíì jókòó dáadáa, ẹnu sípóòkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó, nọ́ọ̀tì kò mú wọn mọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo kó wọn lé itan. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro: kí n dúró de Bàbá, kí n ní, "Mo ba mẹ́ta jẹ́." Wọ́n á ní kí Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi Sátidé kan sinmi títí èmi yóò fi dé Ìdúmọ̀tà lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni fọkanáísà ti ń pè mí ní ọ̀gá tuntun, mo sì ti sọ fún ìyàwó mi pé òní ni òní ń jẹ́. Mo gbójú sókè.

Ara ẹ̀ka igi furúùtù ni a ń gbé àwọn ẹsẹ̀ básíkù tó ti kú kọ́, àwọn tí iyọ̀ ti jẹ. Fọkanáísà ti lọ kírun Jímọ̀, kò sí ẹni tó rí mi. Mo tú mẹ́ta tó gùn bákan náà lára ọ̀kan nínú wọn, mo ha ìpẹtà kúrò, mo fi epo nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Ibi ìkọ́ nìkan, níbi tí irin ti tẹ̀ kó tó wọ ìdodo, ni àmì pupa kan kù sí, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Inú ni ibẹ̀ máa há sí, kò sẹ́ni tó máa rí i. Mo fi wọ́n sí apá ọ̀tún, nítòsí ara wọn, mo dè wọ́n, mo ta wọ́n. Wọ́n sọ mí. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ohùn náà kò jáde tán kó tó kú. Etí mi gbọ́ ọ kedere. N kò ní purọ́ fún ẹ.

Bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́ nínú sùtánà, láìwọ bàtà bí ìjọ wọn ti ń ṣe, eruku ti dé kókósẹ̀ wọn. Wọ́n bọ́ sùtánà kọ́ sára ìṣó kí gírísì má baà kàn án, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n yí ẹsẹ̀ básíkù náà. Ó ń yí bí omi tó ń ṣàn. Ẹ̀rín rọra yọ ní ìgun ẹnu wọn. Wọ́n gbé àgbọ̀n lé ríìmù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta, wọ́n ń wò mí, mo ń mi orí. Wọ́n dé orí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà. Wọ́n ta á, wọ́n wò mí. Mo mi orí. Wọ́n dé orí èkejì. Mo mi orí. Ẹ̀kẹta, wọ́n ta á lẹ́ẹ̀mejì. Bóyá egungun sọ nǹkan kan fún wọn, n kò mọ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí pẹ́. Ká ní mo fa ojú ro lásán, kó ṣe bí ẹni pé eṣinṣin bà mí, n kò ní máa sọ ìtàn kankan fún ẹ lónìí. Mo mi orí.

Bàbá fa agolo yọ, wọ́n so òwú. Wọ́n yíjú sí fọkanáísà tó ti dé láti mọ́ṣáláṣí tipẹ́. "Ó ti mọ̀ ọ́n," ni wọ́n sọ fún un.

Sátidé mẹ́ta kọjá, nǹkan kan kò ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé irin ni irin ń jẹ́. Ní Sátidé kẹrin, nítòsí Lakowe, níbi tí àwọn típà ti ń kó iyanrìn yà wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ọ̀kan já níbi ìkọ́. Bí ọ̀kan bá já, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì já, ẹ̀kẹta já, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ká jọ bí ewé gbígbẹ, ó gbé obìnrin náà sọ sórí títì. Orí ló bá a ṣe é tí típà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti ń dẹ eré. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kán, ọwọ́ tó fi ń wá iṣan lára ọmọ ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni òun àti ọkọ rẹ̀ wá. Wọ́n ti fi aṣọ gbé ọwọ́ náà kọ́ ọ lọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ básíkù náà lé orí bẹ́ǹṣì wa. Òwú funfun ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì mọ́.

"Bàbá," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí, kò tilẹ̀ pariwo, "mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni."

Bàbá kò ta nǹkan kan. Wọ́n fi ìka wá inú ìdodo, wọ́n yọ àwọn ìkọ́ tó ṣẹ́ kù síbẹ̀, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, wọ́n tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó já, ìpẹtà pupa lẹ̀ mọ́ ọn. Iyọ̀ Ìlàsàn le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè jẹ sípóòkì tuntun dénú egungun láàárín oṣù kan. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń wò mí tí wọ́n bá ta sípóòkì tán, tí wọ́n ń retí kí n sọ ohun tó wí.

N kò mi orí, n kò fa ojú ro. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Bàbá pa àtẹ́lẹwọ́ dé. "Èmi ni mo so òwú mọ́ ọn," ni wọ́n wí.

Ọkọ Àǹtí Nọ́ọ̀sì sún mọ́ wọn. "Bàbá, àwọn kan sọ fún wa lọ́nà pé etí yín kò gbọ́ mọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Wọ́n wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. "Òótọ́ ni."

"Ẹ sì ń fi etí bẹ́ẹ̀ yẹ ohun tí èèyàn ń gùn wò?"

"Ẹ foríjì mí."

Mo rí i tí wọ́n ń tẹ̀ ba. Orúnkún wọn dún. Wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn wọn. Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ òsì di èjìká wọn mú, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Rárá, Bàbá, ẹ dìde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Mo dúró síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi wà lójú mi, kò sí ẹni tó fi nǹkan dí i.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn lórí básíkù. Láàárín oṣù kan àwọn oníbàárà ti ń wá kó ẹrù wọn. Ọkùnrin kan tó ti ń wá láti ọdún pípẹ́ yọ abẹ lápò, ó gé òwú kúrò lára ẹsẹ̀ básíkù rẹ̀ níwájú wa, ó jù ú sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú o, ọmọ lòun ní. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mú òwú náà, wọ́n gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù, wọ́n dá a padà sínú agolo mílíìkì. Kódà fọkanáísà kò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ń sọ fún wọn pé, "Bàbá, ẹ lọ sinmi, ẹ ti ṣe é tó," ó sì ń sọ ọ́ sókè rara bí a ti ń bá adití sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀ wọ́n gbàdúrà òmìnira fún mi. Bí ìṣe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ gbòmìnira á kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, á tọrọ àforíjì ohun tó ṣe tí ọ̀gá mọ̀ àti èyí tí ọ̀gá kò mọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́, kò sí ẹni tó ń yẹ inú rẹ̀ wò. Mo kúnlẹ̀ lábẹ́ igi furúùtù, níwájú ìyàwó mi àti fọkanáísà àti alàgbà méjì láti ìjọ wọn, mo gbójú sókè kí wọ́n lè rí ẹnu mi, mo ní, "Bàbá, èyí tí mo ṣe tí ẹ mọ̀, àti èyí tí mo ṣe tí ẹ kò mọ̀, ẹ foríjì mí." Mo fi gbólóhùn tó wà fún gbogbo ayé bo ohun tó jẹ́ tèmi nìkan. Bàbá gbé ọwọ́ lé orí mi. "Èyí tí mo mọ̀," ni wọ́n wí, "mo ti foríjì ọ́." Àwọn tó kù ṣe àmín. Wọ́n gbàdúrà gígùn, wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ wọn fún mi, àyàfi agolo mílíìkì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó lọ sí Lakowe, ní abúlé àtijọ́ níbi tí wọ́n ti bí wọn.

O lè ní, bí wọ́n bá ti foríjì, ọ̀rọ̀ tán. Èmi náà gbìyànjú láti rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àforíjì tí ẹni méjì péré mọ̀ kò dá orúkọ ẹni kẹ́ni padà. Gbogbo Lekki ṣì mọ̀ pé baba adití kan ló fẹ́ pa Àǹtí Nọ́ọ̀sì, gbogbo Lekki sì mọ̀ pé èmi ni ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ tó gbọ́n, tí etí rẹ̀ dá ṣáká. Àwọn oníbàárà wọn ni wọ́n di oníbàárà mi.

Ọdún kẹta ni mo tó lọ wò wọ́n ní Lakowe. Wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ti ń rí ògiri pápá gọ́ọ̀fù àwọn olówó lókèèrè, ojú wọn sì ti ń bàìbàì débi pé wọn kò lè ka ẹnu mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní sípóòkì mẹ́ta ni, èmi ni mo fi wọ́n sí i, mo ní n ó lọ sọ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń gbá mi léjìká, wọ́n ní wọn kò gbọ́ ọ o, àfi kí n kọ ọ́. Wọ́n ti ń fi gíláàsì ka Bíbélì lẹ́tà ńlá. Ìyàwó wọn mú bébà àti bírò wá, òun náà sì dúró kó lè bá wọn kà á. Mo gba bírò. Mo wo ojú màmá náà. Ohun tí mo kọ ni pé, "Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Wọ́n gbé e súnmọ́ gíláàsì, wọ́n kà á pẹ́. Wọ́n ká bébà náà, wọ́n fi sínú àpò. "Má fi etí nìkan yẹ̀ ẹ́ wò," ni wọ́n sọ fún mi. "Máa fi ìka wá ibi ìkọ́."

Wọn kò rí ọdún mìíràn. Níbi ìsìnkú, ìjọ wọn wọ funfun láti òkè délẹ̀, wọ́n dúró láìwọ bàtà lórí iyanrìn Lakowe, wọ́n ń kọrin, mo sì ń gbọ́ ibi tí àwọn kan ti ń bọ́ sílẹ̀ kúrò lórí mí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò yí tán mọ́. Ó sọ fún mi pé yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ni wọ́n gbé òun lọ ní ọ́síbítù, nítorí òun kò lè wá iṣan ọmọdé mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ó wo pósí, ó mí kanlẹ̀. "Èèyàn dáadáa ni Bàbá yìí," ló wí. "N kò bínú sí wọn rárá. Etí ló tàn wọ́n jẹ." Ó wò mí, ó ń retí kí n bá a sọ nǹkan.

Mo mi orí.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn láti ọjọ́ yẹn. Ìdákẹ́ tí mo kọ́kọ́ dákẹ́, èyí tí mo fi bo àléébù àgbà, n kò kábàámọ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá sì tún bí mi, n ó tún dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọ̀nà kan náà tí mo fi ọ̀wọ̀ là ni n ó gbà kó ẹ̀tàn wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀, nítorí ìdákẹ́ ọmọlúàbí àti ìdákẹ́ olè, bákan náà ni wọ́n ń dún. Ní ìsọ̀ mi ní Ajah, n kì í so òwú. Bí àwọn oníbàárà àtijọ́ bá bèèrè, mo máa ń ní òwú ti tán. Ohun tó yẹ kí n sọ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà kò gùn, n kò sì tíì sọ ọ́ fún un títí di òní tí mò ń sọ ọ́ fún ẹ: etí kọ́ ló tan Bàbá jẹ. Ojú mi ni.